Òtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi ní erékùṣù Fogo: ṣé yàrá là ń sanwó fún, àbí kí ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá lọ́dún yìí, ọkọ mi sì ti ta kú pé òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n kọ́ sórí àpáta létí òkun la máa lọ sùn, ní erékùṣù Fogo, ní Newfoundland, ìlà oòrùn Kánádà. Toronto là ń gbé. Yàrá kan fún òru kan ju 2,000 dọ́là Kánádà lọ! Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀, ó ní fèrèsé. Fèrèsé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àbí fọ́tò orí Instagram ló ti gba orí ọkọ mi?

* * *

Ìyàwó wa, fèrèsé wà níbẹ̀. Láti ilẹ̀ dé àjà ni, òkun Àtìláńtíìkì ló sì kọjú sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí fèrèsé nìkan ni ọkọ yín fẹ́ lọ, ẹ gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: Fogo Island Inn ni wọ́n ń pè é, abúlé Joe Batt's Arm ló wà, yàrá 29 péré ló ní, ọdún 2013 ni wọ́n sì ṣí i. Todd Saunders ló ya àwòrán ilé náà. Ọmọ Gander ni, ìlú tí bàálù yín máa balẹ̀ sí gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bergen ní Norway ló fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀. Ilé funfun gbọọrọ ni, apá kan rẹ̀ dúró lórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lókè àpáta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí fọ́tò rẹ̀ máa rò pé ayàwòrán-ilé kan ló kàn ń ṣe àṣehàn. Rárá o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn apẹja ibẹ̀ ṣe ń kọ́ àgọ́ tí wọ́n ti ń la ẹja látayébáyé, wọ́n á fi òpó igi gbé e sókè létí omi torí pé àpáta kò tẹ́jú. Saunders wò wọ́n, ó sì sọ tiwọn di ńlá.

Èmi ti dé ibẹ̀, mo sì ti sùn ní ilé àlejò kékeré ní abúlé míì lórí erékùṣù kan náà, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ tèmi láìfọ̀rọ̀ gùn. Owó yẹn kì í ṣe owó yàrá. Ẹni tó bá wọ yàrá, tó ya fọ́tò fèrèsé, tó sùn òru méjì, tó sì padà, ó ti dáwó nù. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́rin, tó ń jáde, tó jẹ́ kí ará ibẹ̀ mú òun kiri, ìyẹn lè bá mi jiyàn pé òun rí owó òun rà. Ọ̀rọ̀ tó kù nínú ìjíròrò yìí, lójú tèmi, iye ọjọ́ ni.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ láti àná. Àwọn kan ní olè ni àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà. Àwọn kan ní ohun ìṣeré olówó ni, kí tálákà yáa jókòó sílé rẹ̀. Àwọn kẹta, tí ọ̀rọ̀ wọn dùn létí jù, ní ká kà á sí àánú tí a ṣe fún àwọn ará erékùṣù. Mi ò bá ìkankan nínú yín lọ, àmọ́ àwọn aláàánú yìí ló ń bí mi nínú jù.

Àwọn ará Fogo kì í ṣe alágbe. Láàárín 1954 sí 1975, ìjọba kó nǹkan bí 30,000 èèyàn kúrò láwọn abúlé etíkun Newfoundland, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé níbi tí títì àti ilé ìwòsàn wà. Fogo náà wà lára ibi tí wọ́n ń wò. Ní 1967, àwọn oníṣẹ́ fíìmù ti ìjọba Kánádà àti àwọn ti yunifásítì Memorial dé, wọ́n ya àwọn ará ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ tinú wọn, wọ́n wá ń gbé e ká láti abúlé dé abúlé kí wọ́n lè máa gbọ́ ara wọn. Abúlé bíi mẹ́wàá ni wọ́n lórí erékùṣù tí kò gùn ju kìlómítà 25 lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ra wọn tán, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù apẹja sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba tún fòfin de pípa ẹja kọ́ọ̀dù ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1992, torí pé ọkọ̀ ńláńlá ti kó ẹja tán lómi. Ẹ̀rù ìyẹn lẹ ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àgbààgbà ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá bá wọn jókòó. Zita Cobb, ọmọ bíbí erékùṣù náà tó ti rí owó ní ilé-iṣẹ́ fiber optics (okùn gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpè tẹlifóònù), padà wálé, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá àjọ Shorefast sílẹ̀ ní 2006, àjọ náà ló sì kọ́ òtẹ́ẹ̀lì yìí. Èrè tó bá yọ, erékùṣù ló ń padà sí, kò sí onípìn-ín kan tó ń kó o sápò. Wọ́n tiẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún àlejò pé ibi báyìí ni owó rẹ gbà: èyí lọ sí owó oṣù òṣìṣẹ́, èyí lọ sí oúnjẹ, èyí ló ṣẹ́ kù, bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tó wà nínú bísíkíìtì sára páálí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yé é pè é ní àánú. Ọjà lẹ ń rà. Bí ọjà ò bá dáa, ẹ pariwo, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ariwo yín.

Ẹni tó ní olè ni wọ́n, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ wà nínú owó yẹn, ìrìn ìdajì ọjọ́ pẹ̀lú ará erékùṣù tó máa fi mọ́tò gbé yín ká náà wà nínú rẹ̀. Ọtí ò sí níbẹ̀ o. Kò sọ ọ́ di pọ́ọ́kú, àmọ́ kì í ṣe owó bẹ́ẹ̀dì lásán.

* * *

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé "ọ̀nà ò le, ẹ kàn wọ bàálù, ẹ wọ fẹ́rì, ẹ ti dé." Ẹ má gbà á gbọ́.

Láti Toronto, ẹ máa fò dé Gander tàbí St. John's. Tó bá jẹ́ St. John's, bíi wákàtí márùn-ún ni títì dé Farewell tí fẹ́rì ti ń gbéra. Tó bá jẹ́ Gander, ó lé ní wákàtí kan díẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá mi wá Gander, kódà bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá wọ́n jù. Aago Newfoundland sì fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣáájú ti Toronto. Ààbọ̀ yẹn ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pàdánù fẹ́rì.

Ẹ ò lè gba àyè sílẹ̀ nínú fẹ́rì kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ́tò máa ń tò lọ súà, ẹ lè jókòó wákàtí méjì kó tó kàn yín. Tó bá ń lọ tààrà, kò pẹ́ rárá. Tó bá yà sí Change Islands, erékùṣù míì tó wà lójú ọ̀nà, ó lè tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìjì lè dá a dúró. Lásìkò òtútù, yìnyín tó ya bo òkun lè há a mọ́.

Nígbà tí a lọ, ilé-iṣẹ́ tí a yá mọ́tò lọ́wọ́ wọn ti gbé mọ́tò wa fún ẹlòmíì kí a tó balẹ̀. Wọ́n ní bàálù wa pẹ́. Ìgbà tí a fi máa rí òmíràn, ilẹ̀ ti ṣú, ìyàwó mi wá ní òun ò ní jẹ́ kí n wakọ̀ lóru. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Móòsì, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ, kún inú igbó Newfoundland, wọ́n á kàn ṣẹ́ yọ sójú títì láìkìlọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé tí mọ́tò bá gbá a, ara rẹ̀ ló máa ń bọ́ sórí gíláàsì iwájú. A sùn ní Gander. Owó òru àkọ́kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Fogo ń jó lọ, àwa sì wà ní yàrá tó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn: ẹ fi òru kan sílẹ̀ ní Gander nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì má ra bàálù ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ kan náà tẹ́ ẹ máa kúrò ní erékùṣù.

Wọ́n ti kọ sí mi lábẹ́ èyí pé mo ń dẹ́rù ba èèyàn, pé àwọn lọ tí gbogbo rẹ̀ sì lọ geere. Mo kí yín kú oríire.

* * *

Ìbéèrè kúkúrú, èsì kúkúrú. Kò sí tẹlifíṣàn nínú yàrá. Íntánẹ́ẹ̀tì wà. Sinimá kékeré kan wà nínú ilé náà, sọ́nà (yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn) àti agbada omi gbígbóná wà lórí òrùlé. Ẹni tó ń béèrè bóyá ibi ìgbafẹ́ alẹ́ wà, arákùnrin, ẹ lọ síbòmíì.

* * *

Ọ̀kan nínú yín sọ pé kí a yé pariwo Fogo, pé erékùṣù Naoshima ní Japan ti ṣe irú eléyìí tipẹ́, ó sì dín owó. Òtítọ́ ni pé ó ṣáájú. Tadao Ando ló ya àwòrán Benesse House, ilé àwọn iṣẹ́ ọnà àti òtẹ́ẹ̀lì nínú ilé kan ṣoṣo, 1992 ni wọ́n ṣí i. Tẹlifíṣàn ò sí nínú yàrá tibẹ̀ náà. Elégédé aláwọ̀ ìyeyè tí Yayoi Kusama ṣe, tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, létí omi ibẹ̀ ló wà; ìjì gbé e jù sómi ní 2021, wọ́n sì dá òmíràn padà síbẹ̀ ní 2022.

Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi wọ́n wéra bẹ́ẹ̀. Naoshima kò jìnnà, fẹ́rì rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láti èbúté Uno àti Takamatsu, ẹ tiẹ̀ lè lọ láàárọ̀ kí ẹ padà nírọ̀lẹ́. Ní Naoshima, iṣẹ́ ọnà lẹ ń lọ wò, òtẹ́ẹ̀lì kàn jẹ́ kẹ́ ẹ lè wò ó lẹ́yìn tí èrò ti lọ tán ni. Ẹnì kan lè sùn ibẹ̀ òru kan kó sì tó o pátápátá. (Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé o. Ọjọ́ tí wọ́n ń ti àwọn ibi ìṣàfihàn ńlá nìyẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tó ń sunkún rẹ̀.)

Ẹlòmíì dárúkọ Príncipe, nínú òkun Gíní. Ibẹ̀ ni mo gbà pé a lè fi wé Fogo. Ó jìnnà, bàálù kékeré láti São Tomé lẹ máa wọ̀, UNESCO sì ti fi erékùṣù náà sínú àwọn ibi ààbò ẹ̀dá láti 2012. Ilé oko kòkó àtijọ́, Roça Sundy, ti di ilé àlejò. Nínú oko yẹn ni Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wo bí òṣùpá ṣe bo oòrùn tí ọ̀sán fi dòru ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1919, èyí tó fi dán àbá Einstein wò. Àwọn tó ń polówó ibẹ̀ kì í gbàgbé ti Eddington. Ti àwọn èèyàn tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà tipátipá láti wá ṣiṣẹ́ kòkó, tó fi di pé àwọn oníṣokoléètì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ra kòkó ibẹ̀ mọ́ ní 1909, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó bá mú yín kiri. Bó bá lè dáhùn láìyí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, òtẹ́ẹ̀lì dáadáa lẹ wọ̀. Ìbéèrè yìí kan náà ni mo máa ń gbé lọ síbi gbogbo: àwọn tó ń gbé ibi yìí ńkọ́? Ilé tó rẹwà tí kò lè dáhùn rẹ̀, ó dáa fún fọ́tò.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí Fogo, torí ìyàwó wa ṣì ń dúró, ó sì béèrè pé oṣù wo ló dáa.

Àríyànjiyàn ńlá lèyí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní òpin oṣù Karùn-ún sí ìdajì oṣù Kẹfà, torí òkè yìnyín tó ń ṣàn wá láti Greenland. Mi ò bá yín jà. Tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí òkè funfun tó ga bí ilé alájà mẹ́fà tó ń rọra kọjá níwájú bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ò ní gbàgbé. Àmọ́ yìnyín kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọdún kan wọ́n á pọ̀, ọdún míì wọ́n á ṣọ̀wọ́n, ìkúukùu sì lè bo gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá fi owó ńlá lọ wá ohun kan ṣoṣo, tí kò sì rí i, ó máa fi ìbínú padà.

Àwọn ará ibẹ̀ ní ìgbà méje ló wà nínú ọdún wọn, wọn ò gbà pé mẹ́rin ni. Ìgbà kan wà fún yìnyín tó ya bo òkun, ìgbà kan wà fún èso igbó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni tèmi: òpin oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹsàn-án. Omi ò bínú jù, fẹ́rì ò kún bíi ti oṣù Keje, gbogbo èèyàn sì wà nínú pápá tí wọ́n ń já èso. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ èèyàn. Obìnrin àgbàlagbà kan tí a pàdé níbi tí a ti ń ṣa èso fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ torí bó ṣe ń fi ọwọ́ méjì já ẹyọ kan, ó sì pè wá wá sílé rẹ̀ fún tíì. Ó ń rán irú aṣọ ìbora tí ẹ máa rí lórí gbogbo bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì náà, àjákù aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n gán pọ̀. Ó mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá tí a sùn nígbà tí a júwe rẹ̀ fún un. Fèrèsé ò lè sọ irú ìyẹn fún yín.

Ẹni tó ní òun fẹ́ lọ ní oṣù Kọkànlá láti lọ wo ìjì: mo gbọ́. Ẹ ṣáà fi ọjọ́ méjì kún ìsinmi yín.

* * *

Lórí yàrá. Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n mú èyí tó tóbi jù torí ayẹyẹ ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo yàrá ibẹ̀ ló kọjú sí òkun, ti kékeré náà ní fèrèsé láti ilẹ̀ dé àjà. Owó tó lé lórí rẹ̀, ẹ fi ra òru kan sí i.

Àga ńkọ́? Ẹnì kan ní àga igi ibẹ̀ le, kò rọgbọ. Ó le díẹ̀ lóòótọ́. Àwọn káfíńtà erékùṣù àti àwọn ayàwòrán ohun-èlò láti òkèèrè ló jọ ṣe é, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe tẹ igi náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún wákàtí kan. Fún wákàtí méjì, mo gba orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ohun tí ẹ ò sọ, tó sì yẹ kẹ́ ẹ sọ: ní oṣù Kẹfà, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ni oòrùn ń yọ, gbogbo rẹ̀ ló sì máa wọlé tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti fa kọ́tìnì. Ṣé ẹ rí fèrèsé yẹn.

Láàárọ̀, wọ́n á gbé àpótí kékeré sẹ́nu ọ̀nà yín, kọfí gbígbóná àti nǹkan díẹ̀ láti fi panu kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó dé. Ìyẹn wú mi lórí ju sọ́nà lọ.

* * *

Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ sùn sí ilé àlejò abúlé, kí wọ́n kàn wá wo òtẹ́ẹ̀lì náà láti ìta. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn burúkú. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo Long Studio tí Saunders náà yà fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, ẹ ò ní wọlé ṣá o. Ẹ lè gun Brimstone Head, òkè àpáta tí àwọn ẹlẹ́fẹ̀ kan ní ó jẹ́ ọ̀kan nínú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé pẹrẹsẹ. Ẹ lè lọ sí Tilting, níbi tí àwọn ọmọ Ireland tẹ̀ dó sí. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ẹni tó máa mú yín kiri, ẹni tó mọ ilé tó yẹ kẹ́ ẹ kàn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí kò tijú àlejò, lè rí ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tijú, kó sanwó.

Tó bá jẹ́ èmi, mo máa pín in ni: òru méjì ní ilé àlejò lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ mọ ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà òru méjì ní òtẹ́ẹ̀lì. Má dà á kọ́. Ẹni tó bá ti òtẹ́ẹ̀lì bọ́ sí ilé àlejò á máa ráhùn.

* * *

Ìyàwó wa ti padà wá. Ó ní ọkọ òun ti ka gbogbo rẹ̀, ó gbà láti pín in, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa lọ. Àmọ́ ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù: Jímọ̀ lọ, ọjọ́ Ajé bọ̀, torí iṣẹ́.

Ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Jímọ̀, ẹ máa sùn ní Gander. Sátidé, ẹ tò sórí ìlà fẹ́rì, ó di ọ̀sán kẹ́ ẹ tó dé. Sunday nìkan lẹ ní. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ti ń sáré padà sí fẹ́rì. Kó pe ilé-iṣẹ́ bàálù lónìí, kó béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti sún ìpadàbọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, kó tó san kọ́bọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì. Bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò bá gbà fún un, ẹ sún gbogbo rẹ̀ síwájú di ọdún tó ń bọ̀, ìgbéyàwó ọdún mọ́kànlá náà ṣeé ṣe ayẹyẹ fún. Kó sì gba mọ́tò sílẹ̀ ní Gander nísinsìnyí, kó kọ nọ́ńbà bàálù yín sí i, kí wọ́n má bàa gbé e fún ẹlòmíì tí ẹ bá pẹ́.